Owó-orí: Orí Mélòó Ni Ẹni tó Fẹ̀yìntì Ní?

Ẹni tó bá sọ ní Adó-Èkìtì pé òun ń lọ san owó orí, ó yẹ kó tètè sọ èyí tó ń wí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń to iṣu, obì àti orógbó sẹ́yìn ọkọ̀, ìyàwó ló fẹ́ gbé. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó há fáìlì mọ́ abíyá, tí ojú rẹ̀ sì le koko, ọ̀dọ̀ agbowó-orí ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè, ohùn kan náà ni wọ́n sì fi ń pè é: owó, orí. Nínú méjèèjì, ènìyàn gan-an ni wọ́n gbé owó lé lórí, wọn kò gbé e lé ẹrù rẹ̀ tàbí ilẹ̀ rẹ̀. Owó orí ìyàwó kì í wò ó bóyá ìyàwó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Bísí. Owó-orí àtijọ́ náà kì í wò ó bóyá kòkó so lọ́dún yẹn tàbí kò so.

Nítorí àwọn tó ti fẹ̀yìntì ni mo ṣe fẹ́ tọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Wọ́n pọ̀ nílùú wa: tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba, àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba owó kan ṣoṣo. Pẹ́ńṣọ̀n wà, iṣẹ́ kékeré kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó ìrànwọ́ náà lè wà. Bí ọ̀rọ̀ owó-orí bá wá délẹ̀, wọn á máa ṣe ìṣirò títí orí á fi fọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣòro níbẹ̀ kò ju pé ká mọ iye orí tí ènìyàn ní.

Àwọn owó mìíràn tí àwọn baba wa ń san, ibi tí wọ́n ti ń gbà á ló fún wọn lórúkọ. Ẹnu ibodè ni owó bodè, ẹni tó gbé ẹrù kọjá ló san án. Ilẹ̀ ló bí ìṣákọ́lẹ̀: ẹni tó dá oko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń gbé e lọ fún un. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mú owó-òde, ìdí nìyẹn tí Mátíù fi jẹ́ agbowó-òde títí dòní nínú ìjọ. A lè yẹra fún gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ san owó bodè, kó má gba ibodè. Ẹni tí kò fẹ́ san ìṣákọ́lẹ̀, kó má ro ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi orí tirẹ̀ sílé kó tó jáde?

Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, kí Òyìnbó tó dé, ọrùn odidi ìlú ni ìsìn máa ń bọ́ sí. Ìbàdàn a rán ajẹ́lẹ̀ wá, ajẹ́lẹ̀ a jókòó ti ọba, a máa gba ohun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ ìlú, ó wá kù sọ́wọ́ ọba àtàwọn ìjòyè bí wọn yóò ṣe pín ẹrù náà láàárín agboolé. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú wọn. Bíbẹ́ ni ìtàn ní ó bẹ́ ẹ lórí. Ogun Kírìjì ló tẹ̀lé e, kò sì sí àdéhùn títí di 1886. Bó bá jẹ́ pé orí là ń kà, orí agbowó gan-an ni ilẹ̀ Èkìtì kọ́kọ́ kà.

Ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ ìwé. Lugard, tó jẹ́ olórí ìjọba náà ní Nàìjíríà, fẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá máa san bí Òkè Ọya ṣe ń san. Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ kàn ní 1916, Ìṣẹ́yìn sì dìde lọ́dún náà. Ó dé Ẹ̀gbá ní 1918, Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n ka orí obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ ìwé, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di 16. Níbi tí kò ti sí ìwé ọjọ́ ìbí, àwọn agbowó a máa tú aṣọ lára ọmọbìnrin wò bóyá ó ti tó san. Ẹ̀gbin yìí wà lára ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àtàwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń bá jà láti 1947, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949. Nígbà tó di 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè jẹ́ ọ̀kan nínú olórí wọn, ní òké mẹ́fà làwọn máa san. Òké owó ẹyọ kan ni wọ́n ń kà sí ṣílè márùn-ún, nítorí náà ṣílè 30 ni wọ́n ń wí. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lẹ́nu àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kí ìjọba gbọ́ òun yékéyéké.

Ohun kan náà ló wà nídìí gbogbo ìjà wọ̀nyẹn. Orí ni ìjọba ń kà, kò wo ọwọ́. Àgbẹ̀ tó kórè àpò kòkó méjì àti ẹni tí gbogbo kòkó rẹ̀ ti rà mọ́ igi, orí kan ni kálukú wọn.

Òfin ti ń fi orí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ sórí ọwọ́ láti ìgbà náà. Èyí tí gbogbo wa ń lò títí di ìparí 2025, láti 1993 ló ti wà. Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Bí owó bá ṣe wọlé tó ni ohun tí wọ́n ń gbà nínú rẹ̀ ṣe ń ga sí i. 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún, wọn kò fọwọ́ kàn án. Nínú 2,200,000 tó bá tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú 100. Ó ń gùn bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìdá 25 fún ohun tó bá lé ní mílíọ̀nù 50, ìyẹn sì kọjá èmi àti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé yìí. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó iṣẹ́ tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀, wọn kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

A lè ní orúkọ náà ti gbó nìyẹn, pé owó-ọwọ́ ló yẹ kó máa jẹ́ báyìí. Ó kù síbì kan tí orí ṣì wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ̀yìntì máa ń dojú rú sí: iye tí wọn kò fọwọ́ kàn yẹn. 800,000 kì í ṣe ti iṣẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọ̀gá kan. Ti orí ni. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi méjì kò lè gbà á níbi méjì, bí ọkọ kò ṣe lè san owó orí ìyàwó kan ṣoṣo fún ìdílé méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo fẹ̀yìntì. Fi ẹ̀yìn ti nǹkan ni: ògiri, igi, àga. Ẹni tó fi ẹ̀yìn ti ògiri kò tíì sùn. Ó lè máa pa ẹ̀pà jẹ, ó lè máa bá àwọn ọmọ wí. Ọjọ́ orí ló sábà máa ń mú ènìyàn dé ìdí ògiri yẹn (ẹ tún wo orí níbẹ̀!), ọdún 60 fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ní Adó, ọ̀pọ̀ kì í pẹ́ ní ìdí ògiri kí wọ́n tó tún dìde. Kí oṣù tó yí po, ilé ìwé aládàáni kan ní Ajílósùn ti ní kí tíṣà àgbà wá máa bá àwọn kọ́ ọmọ ní ìṣirò, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù òògùn sí Baṣírì.

Lórílẹ̀-èdè wa, wọn kì í gba owó-orí lórí pẹ́ńṣọ̀n tí òfin pẹ́ńṣọ̀n fọwọ́ sí, wọn kì í gbà á lórí gírátúítì náà. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, òfin tuntun kò sì yí i padà. Ká ní tíṣà wa ń gba 100,000 náírà pẹ́ńṣọ̀n lóṣù, ilé ìwé aládàáni sì ń san 120,000 fún un. 1,200,000 ni ti pẹ́ńṣọ̀n lọ́dún. Ẹ gbé e sápá kan. 1,440,000 ni ti ilé ìwé. Ẹ yọ 800,000 ti orí kúrò, ó ku 640,000. Ìdá 15 nínú rẹ̀ jẹ́ 96,000 lọ́dún, ìyẹn 8,000 náírà lóṣù. Bí ó bá ń háyà ilé tó ń gbé, tó sì ń san 200,000 lọ́dún, òfin ní kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú owó ilé náà kí wọ́n tó ṣe ìṣirò (ohun tí wọ́n yọ kò gbọ́dọ̀ ju 500,000). 40,000 nìyẹn, owó-orí rẹ̀ á sì wálẹ̀ sí 7,500 lóṣù.

Bí akápò ilé ìwé bá ṣèèṣì ro pẹ́ńṣọ̀n pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ ńkọ́? 2,640,000 ni wọn yóò kọ sílẹ̀, wọn á yọ 800,000, wọn á gba ìdá 15 nínú 1,840,000. 276,000 nìyẹn lọ́dún, 23,000 lóṣù. Láti 8,000 sí 23,000! Kì í ṣe pé akápò jẹ́ olè. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù fún un ló kọ gbogbo owó tó ń wọlé fún un pọ̀ sójú kan, nítorí pé wọ́n bi í pé èló ló ń rí lóṣù, ó sì jẹ́ olóòótọ́.

Owó ìrànwọ́ kò pẹ́ wò ní tiwa. Nígbà tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyemí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó Èkìtì tó ti pé ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù ní 2011, owó arúgbó ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ronú kan owó-orí lórí rẹ̀. Ká má tan ara wa, kì í ṣe owó-orí gan-an ló ń ká àwọn tó fẹ̀yìntì lára jù ní Èkìtì. Bí gírátúítì ṣe ń pẹ́ kó tó dé ni, àti bí pẹ́ńṣọ̀n ṣe ń dúró sójú kan nígbà tí owó gààrí ń sáré. Ìwé òfin 1999, ní abala 210, sọ pé kí àwọn ìpínlẹ̀ máa yẹ pẹ́ńṣọ̀n wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù, èyí tó bá yá. Ó dára lójú ìwé.

Bí a bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí owó-orí ń bá pẹ́ńṣọ̀n jà níbẹ̀. Àǹtí kan tó wálé sí Adó fún ìsìnkú mú lẹ́tà kóòdù owó-orí kan jáde nínú báàgì, ó gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ ìṣirò owó ní Pólì. Àǹtí yìí ti fẹ̀yìntì nílé ìwòsàn, ó ń gba pẹ́ńṣọ̀n kékeré níbẹ̀, ó ń gba pẹ́ńṣọ̀n ìjọba ní kíkún, ó sì ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọdún owó-orí 2025 sí 2026 ni lẹ́tà náà ń wí.

"Ṣé wọ́n ti já mi wálẹ̀ ni? 1257L ni mo ti ń jẹ́ ọjọ́ tó ti pẹ́. Wo èyí tí wọ́n kọ sára pẹ́ńṣọ̀n ọsibítù mi. 59L!"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Orí yín kò dínkù. Ní ìlú wọn, 12,570 pọ́n-ùn ni wọn kì í fọwọ́ kàn lọ́dún. Pẹ́ńṣọ̀n ìjọba yín, 230 pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀, ti jẹ 11,973 nínú rẹ̀. 597 ló ṣẹ́ kù fún ti ọsibítù. Wọ́n gé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kúrò, ó di 59."

"BR tó wà lára ti ibi iṣẹ́ mi wá ńkọ́?"

"Ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù fún ibẹ̀ mọ́. Láti orí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ni wọn yóò ti máa gba 20 nínú 100."

"Èmi tí mo ní orí kan ṣoṣo yìí náà?"

"Nítorí pé orí kan ṣoṣo lẹ ní gan-an ni, mà."

Àrokò ni kóòdù wọ̀nyí. Láyé àtijọ́, ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ, nítorí ẹfà ń fà. Ẹni tí kò bá mọ èdè náà á rò pé wọ́n fi owó rọ́bọ́tọ́ kan ta á lọ́rẹ. 1257L náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òdo kan sẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ ti mọ iye tí wọn kò ní fọwọ́ kàn níbi tí kóòdù yẹn wà. L túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ orí bí ti gbogbo ènìyàn ni. BR, kò sí ẹ̀tọ́ níbẹ̀. K sì jẹ́ òdìkejì: pẹ́ńṣọ̀n ìjọba tàbí ohun mìíràn tí wọn kò gba owó-orí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ti ju 12,570 lọ, nítorí náà wọn yóò ro ohun tó lé e kún pẹ́ńṣọ̀n kejì kí wọ́n tó gba owó-orí lórí rẹ̀. M1 tàbí W1 tó bá gùn lé ìdí nọ́ńbà, wọ́n ń ka oṣù tàbí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní dídáwà, bí ẹni pé àná kò sí. Èyí wọ́pọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́ńṣọ̀n, kí ìwé rẹ̀ tó délé.

Kò sẹ́ni tó ń gba owó-orí nínú pẹ́ńṣọ̀n ìjọba wọn kó tó dé báǹkì. Òun ló máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n rí i pé ó pé, wọ́n sì rò pé kò sí owó-orí lórí rẹ̀. Owó-orí wà lórí rẹ̀. Inú owó kejì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kóòdù ló sì ń gbé iṣẹ́ yẹn ṣe. Láti 2021 ni 12,570 ti dúró sójú kan, pẹ́ńṣọ̀n ìjọba sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹrin 2026, ó di 241.30 lọ́sẹ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,548 lọ́dún. Pọ́n-ùn 22 péré ni yóò kù fún Àǹtí láti fi bo pẹ́ńṣọ̀n ọsibítù. 2L! Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á.

Kì í ṣe gbogbo owó ìrànwọ́ níbẹ̀ ló ń jẹ nínú ẹ̀tọ́ orí. Wọn kò ka Attendance Allowance tí wọ́n ń fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, wọn kò ka Pension Credit náà. Wọ́n ń ka Carer's Allowance, owó ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ẹni tí kò bá mọ̀yàtọ̀ lè máa bẹ̀rù èyí tí kò sí ewu lórí rẹ̀, kó sì gbàgbé èyí tó yẹ kó sọ.

Ohun mìíràn ń dúró de àwọn tó bá fẹ́ kó bọ̀ wálé pátápátá. Pẹ́ńṣọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀lé ènìyàn dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í ga mọ́. Iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ kúrò níbẹ̀ ni yóò máa jẹ́. Bí obìnrin ará Jàmáíkà tó bá Àǹtí ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà bá padà sí Kingston, tirẹ̀ á máa ga lọ́dọọdún, nítorí ìjọba tirẹ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú wọn, tiwa kò ní. Attendance Allowance àti Pension Credit kì í tilẹ̀ tẹ̀lé ènìyàn dé Adó rárá. Inú mi kì í dùn sí èyí. Kò sí wákàtí iṣẹ́ òru kan tí àwọn obìnrin Èkìtì ṣe níbẹ̀ tó kúrú ju ti ará Jàmáíkà lọ.

Ká padà sílé. Ní Nàìjíríà níbí náà, orí ti di nọ́ńbà. Òfin tuntun sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, NIN, di nọ́ńbà owó-orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ènìyàn kan má bàa máa jẹ́ nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ àwọn agbowó méjì mọ́. Ẹni tó ń gbé Adó, ìjọba Èkìtì ló ń gba owó-orí rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bíi Pólì ló ń san owó oṣù rẹ̀. Tíṣà tó fẹ̀yìntì, tó sì tún ń ṣiṣẹ́, kó wo orúkọ tó wà lára NIN rẹ̀ bóyá ó bá èyí tó wà lára ìwé pẹ́ńṣọ̀n mu, lẹ́tà kan sí kan, nítorí orúkọ ọkọ àti orúkọ bàbá ti dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó di ìparí oṣù kẹta, nígbà tó bá ń kọ ìwé owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, kó kọ ti ilé ìwé sójú tirẹ̀, kó kọ pẹ́ńṣọ̀n lọ́tọ̀, kó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òfin kò gba owó-orí lórí rẹ̀. Kó tọ́jú ìwé báǹkì tó fi pẹ́ńṣọ̀n hàn. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí owó-orí nítorí ilẹ̀ tó rà ní ọ̀nà Ìyìn, ọdún mẹ́ta ni wọn yóò béèrè.